Ẹ Bi Mí, Màá Fèsì: Fóònù Mi Ti Pẹ́ Lọ́wọ́, Ṣé Update Ṣì Ń Bọ̀?

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, ìdajì ẹ̀ ló sì dá lórí nǹkan kan náà: fóònù tó ti pẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, àti update tí ò wọlé sórí ẹ̀ mọ́. Inú mi dùn pé ẹ ń béèrè, torí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi tipẹ́. Mo mú mẹ́fà nínú ẹ̀, mo gé àwọn tó gùn kúrú kí àyè lè gbà wá.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Fóònù Android mi ò níṣòro kankan, skírìnì ẹ̀ ò sán, bátìrì ẹ̀ ń gbé mi dalẹ́. Tí mo bá lọ wo ibi update, ohun tó ń kọ síbẹ̀ ni pé èyí tó tuntun jù ló wà lórí fóònù mi. Àbúrò mi ọkùnrin wá ń sọ pé irọ́ ni, pé kí n yáa yọ áàpù báǹkì kúrò lórí ẹ̀ kíá. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Arábìnrin mi, àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́, àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ohun tí fóònù yín ń sọ ni pé kọ́ńpìnnì tó ṣe é ò gbé nǹkan tuntun kankan kalẹ̀ fún un. Kò sọ pé ohun tó wà lórí ẹ̀ ṣì lágbára. Ibẹ̀ ló ti ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ, ẹ máa rí i pé ó ti mààkì, ẹ máa pa á dé, ẹ máa fọkàn balẹ̀.

Ẹ lọ sí Settings, ẹ wá About phone, ẹ tẹ Android version, ẹ máa rí ibi tí wọ́n kọ Android security update sí, ọjọ́ kan wà níwájú ẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ẹ wò. Lọ́jọ́ tí mo wò ó lórí fóònù màmá mi, a jọ jókòó sórí àga kan náà ni, rọ́bà tí wọ́n fi bo ẹ̀yìn fóònù yẹn ti pọ́n bí epo, mo ní kí wọ́n jẹ́ n wo nǹkan kan, mo tẹ̀ ẹ́ débẹ̀, mo rí 5 August 2019. Mo tún un kà. Ó ti lé lọ́dún 4 nígbà yẹn, orí fóònù yẹn sì ni màmá mi ti ń fowó ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Àyà mi já, ẹ gbà mí gbọ́.

Kí ló dé tí ọjọ́ yẹn fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Èèyàn ló kọ sọ́ftíwià tó ń darí fóònù, nǹkan téèyàn bá sì kọ, ihò á wà níbì kan lára ẹ̀. Ní July 2015 wọ́n kéde ihò kan nínú Android tí wọ́n ń pè ní Stagefright. Nọ́ńbà fóònù èèyàn nìkan ni oníṣẹ́ ibi nílò, á fi fídíò ránṣẹ́ bíi mẹ́sééjì MMS, fóònù á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò fídíò yẹn fúnra ẹ̀ kí onífóònù tó fojú kàn án, ibẹ̀ ni wọ́n á gbà wọlé. Látàrí ẹ̀ ni Google fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àtúnṣe ààbò jáde lóṣooṣù láti August ọdún yẹn, wọ́n á to gbogbo ihò tí wọ́n dí lóṣù náà sílẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ibi tó ń bà mí lẹ́rù nìyí o, torí olè náà ń ka ìwé yẹn. Fóònù tó gba àtúnṣe ti tilẹ̀kùn, èyí tí ò gbà á wá wà níbẹ̀ bí ilé tí wọ́n kéde fún gbogbo àdúgbò pé kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìnkùlé ẹ̀ ti bàjẹ́, tí ò sì sẹ́ni tó máa tún un ṣe.

Ẹ máa ní kí wá ni kọ́ńpìnnì rí tí wọ́n fi dáwọ́ dúró. Ọwọ́ tó wà nídìí update kan pọ̀. Google ló ń kọ Android, ṣùgbọ́n kò lè dá ṣiṣẹ́ lórí fóònù yín bó ṣe wà yẹn, àfi kí àwọn tó ṣe chip inú ẹ̀, ìyẹn ọpọlọ fóònù, bíi Qualcomm àti MediaTek, kọ sọ́ftíwià kéékèèké tó ń bá kámẹ́rà àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti skírìnì sọ̀rọ̀, ìgbà yẹn ni kọ́ńpìnnì tó ta fóònù fún yín á tó so gbogbo ẹ̀ pọ̀, wọ́n á fi nǹkan tiwọn sí i, wọ́n á dán an wò, wọ́n á tó fi ránṣẹ́. Tí ẹni tó ṣe chip bá ti lóun ò ṣe mọ́, iṣẹ́ yẹn á wúwo fáwọn tó kù, kọ́ńpìnnì sì ti gbowó fóònù lọ́wọ́ yín látọjọ́ tó ti pẹ́, kò sówó tuntun níbẹ̀ fún wọn. Òun ni wọ́n fi ń rọra yọwọ́.

Èmi ò gbà pé ìyẹn tó àwáwí. Kọ́ńpìnnì kékeré kan wà ní Netherlands tó ń jẹ́ Fairphone. Wọ́n gbé Fairphone 2 jáde níparí 2015, Android 5 ló wà lórí ẹ̀. Qualcomm ò bá wọn ṣe chip yẹn kọjá Android 6, àwọn fúnra wọn wá fọwọ́ ara wọn gbé e dé Android 10, March 2023 ni wọ́n tó ní ó tó. Tí àwọn tó kéré yẹn bá lè ṣe ọdún 7, kí làwọn tó tóbi jù wọ́n lọ ń sọ?

Google náà ti ṣe nǹkan kan sí i o. Ní 2017, pẹ̀lú Android 8, wọ́n ya iṣẹ́ àwọn tó ṣe chip sọ́tọ̀ kúrò lára Android gan-an kí ìkan má baà máa dá ìkejì dúró. Nígbà tó di 2019, lórí Android 10, apá kan nínú àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀dọ̀ Google wọlé tààrà láìdúró de kọ́ńpìnnì. Nítorí náà, tó bá jẹ́ Android 10 tàbí èyí tó jù ú lọ ló wà lórí fóònù yín, ẹ wo Google Play system update nítòsí ibi tí mo júwe yẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó lè jẹ́ pé nǹkan wà tó ń dúró dè yín. Kì í dí gbogbo ihò, àmọ́ ó sàn ju kò sí lọ.

Ní ti áàpù báǹkì, tí ọjọ́ tẹ́ẹ bá rí bá ti lé lọ́dún kan, mo fara mọ́ àbúrò yín. Ẹ yọ ọ́, kẹ́ẹ sì yọ í-meèlì tẹ́ẹ fi ṣí àkáǹtì yẹn náà, torí ẹni tó bá wọ í-meèlì yín á yí páàsìwọ́ọ̀dù gbogbo nǹkan yòókù. Fóònù náà ṣì dáa fún ìpè, fún rédíò, fún àwòrán.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ ra fóònù àlòkù. Méjì ni wọ́n mú wá fún mi, ìkan jẹ́ èyí tó gbayì gan-an nígbà tó jáde, kámẹ́rà ẹ̀ le, ìkejì ò fi bẹ́ẹ̀ lórúkọ ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́ tó jáde. Owó kan náà ni wọ́n pè méjèèjì. Èwo ni kí n mú?

Àbúrò, fi kámẹ́rà sílẹ̀ ná. Wá ọjọ́ ìbí fóònù méjèèjì, ìyẹn oṣù àti ọdún tí irú ẹ̀ kọ́kọ́ dé orí igbá. Kì í ṣe ọjọ́ tí ẹni tó ń tà á rà á o, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí ìwọ máa sanwó, torí ọjọ́ ìbí yẹn ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún update. Google gbé Pixel 8 jáde ní October 2023, wọ́n ṣèlérí ọdún 7 fún un, òpin ẹ̀ di October 2030. Ẹni tó bá rà á ní October 2027, ọdún 3 péré ló rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú páálí ló ti yọ ọ́.

Ìlérí ọdún 7 yìí tuntun ni, o ò gbọdọ̀ rò pé gbogbo fóònù ló ní in. Samsung ṣe tiẹ̀ fún Galaxy S24 ní January 2024. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní February 2022, ohun tí wọ́n sọ fáwọn fóònù ńlá wọn ni Android tuntun ìgbà 4 àti àtúnṣe ààbò ọdún 5. O rí i pé ìlérí méjì ló wà nínú ìlérí kan? Àwọn tó ń tajà á pariwo èyí tó bá pọ̀ jù, ìwọ béèrè méjèèjì lọ́wọ́ wọn. Tí wọ́n bá ní kó o mú ìkan, mú ti ààbò, torí Android tuntun lè máà ju àwọ̀ àti bọ́tìnì tí wọ́n gbé kiri lọ, ààbò ni ò ṣeé fi ṣeré.

iPhone yàtọ̀ díẹ̀. Apple kì í sábà sọ iye ọdún tẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n ti ṣe lẹ́yìn la fi ń díwọ̀n. iPhone 5s jáde ní September 2013, ó sì tún gba àtúnṣe ààbò kan, iOS 12.5.7, ní January 2023 (iOS ni sọ́ftíwià tó ń darí iPhone). Ó lé lọ́dún 9! iPhone 6s ti 2015 bẹ̀rẹ̀ lórí iOS 9, ó dé iOS 15. Nígbà tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 29 April 2024, tó sọ pé ẹni tó bá ń ta irú ẹ̀rọ báyìí gbọ́dọ̀ kọ ó kéré tán iye ìgbà tó máa fi dáàbò bò ó, Apple kọ ọdún 5 sílẹ̀. Ìyẹn ni èyí tó kéré jù tí wọ́n lè fọwọ́ sí, ìṣe wọn ti kọjá ẹ̀.

Mo fẹ́ràn òfin àwọn European Union jù, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 20 June 2025. Wọ́n yí ibi tí wọ́n ti ń kà á padà. Ọdún 5 tiwọn fún update bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí kọ́ńpìnnì ò bá ta irú fóònù yẹn mọ́, kì í ṣe lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jáde, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ti ń ka ọdún 7 tí pàátì tí wọ́n fi ń tún un ṣe gbọ́dọ̀ fi wà. Ẹni tó bá ra fóònù gbẹ̀yìn ò ní jìyà pé òun gbẹ̀yìn. Bó ṣe yẹ kó rí níbi gbogbo nìyẹn.

Torí náà, ka ọdún tó kù lórí méjèèjì. Èyí tí òpin ẹ̀ bá jìnnà jù ni kó o mú. Tí òpin wọn bá jọ ra, ìgbà yẹn ni kó o tó wo kámẹ́rà. Gba fóònù náà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ṣí ibi tí mo júwe fún arábìnrin òkè yẹn, fojú ara ẹ rí ọjọ́ ààbò orí ẹ̀ kó o tó sanwó.

Update wà lórí fóònù mi láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní òun fẹ́ àyè, àyè ò sì sí. Ṣé kò léwu tí mo bá fi í sílẹ̀?

Ó léwu, ẹ má fi í sílẹ̀. Fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sínú gúrúùpù WhatsApp ló sábà máa ń gba àyè yẹn, ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ pa àwọn tẹ́ẹ ti wò rẹ́. Ẹ fi í sórí ṣájà kẹ́ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lo Wi-Fi tẹ́ẹ bá rí i kó má baà jẹ dátà yín tán, ẹ má sì pa á tó bá ń ṣe é lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n, èmi ò ṣe update mọ́ láyé mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ṣe é ni fóònù mi máa ń lọ́ra bí ìgbín. Mo mọ̀ dájú pé àwọn kọ́ńpìnnì ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni ká lè lọ ra tuntun.

Mi ò ní sọ pé ẹ ń ṣàròyé lásán. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ó sì wà lákọsílẹ̀. Ní January 2017, Apple gbé iOS 10.2.1 jáde, iPhone 6, 6s àti SE tí bátìrì wọn ti gbó bẹ̀rẹ̀ sí í rọra ṣiṣẹ́ kí wọ́n má baà máa kú lójijì. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é nítumọ̀, bátìrì tó gbó ò lè gbé iná tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ fáwọn tó ni fóònù! December 2017 ni wọ́n tó jẹ́wọ́, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n dín owó bátìrì kù, wọ́n sì fi ibi téèyàn ti lè wo ìlera bátìrì síbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìjọba Faransé gba mílíọ̀nù 25 yúrò lọ́wọ́ wọn ní February 2020 torí pé wọn ò sọ fáwọn èèyàn. Ní Ítálì, October 2018, wọ́n bu owó ìtanràn lé Apple, mílíọ̀nù 10 yúrò, wọ́n bu mílíọ̀nù 5 lé Samsung náà torí pé wọ́n ń rọ àwọn tó ní Galaxy Note 4 láti gba Android tí fóònù yẹn ò lè gbé dáadáa.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé ó kó àwọn èèyàn bíi tiyín jìnnà sí àtúnṣe ààbò. Ẹ ti tìtorí ìwà àwọn kan fi ara yín sílẹ̀ fún olè, èyí ò sì dáa fún yín.

Ẹ jẹ́ ká yà á sọ́tọ̀. Android tuntun pátápátá, èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ yí padà, lè wúwo fún fóònù tó ti dàgbà lóòótọ́, ẹ lè dúró díẹ̀ kẹ́ẹ gbọ́ ohun táwọn tó ní irú fóònù yín ń sọ kẹ́ẹ tó gbà á, torí tẹ́ẹ bá ti gbà á tán, ọ̀pọ̀ fóònù ò ní jẹ́ kẹ́ẹ padà sẹ́yìn. Àtúnṣe ààbò tó ń wá lóṣooṣù tàbí lóṣù mẹ́ta mẹ́ta kéré síyẹn gan-an, ẹ má jẹ́ kó sùn mọ́jú. Lẹ́yìn update ńlá, fóònù máa ń gbóná, á máa lọ́ra fún bí ọjọ́ kan sí méjì, ó ń to àwọn áàpù àti àwòrán yín lábẹ́lẹ̀ ni, ẹ fún un láyè. Tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ kan tí ò yí padà, ẹ wo bátìrì. Fóònù ọdún 4 tí wọn ò pààrọ̀ bátìrì ẹ̀ rí, bátìrì ló sábà máa ń jẹ̀bi, mo sì ti rí èyí tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ tó tún ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí ẹni pé àná ni wọ́n rà á.

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́ mi kan ní òun lè bá mi fi LineageOS sórí fóònù mi tí kọ́ńpìnnì ti pa tì. Ṣé kí n gbà?

LineageOS kì í ṣe nǹkan ìtànjẹ o, Android náà ni, àwọn olùyọ̀ǹda ló ń tọ́jú ẹ̀ láti December 2016 tí CyanogenMod tó ṣáájú ẹ̀ ti kógbá wọlé, ó sì ti jí ọ̀pọ̀ fóònù dìde. Kọ́kọ́ lọ sórí ojúlé wọn, wò ó bóyá orúkọ fóònù ẹ wà níbẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀ gan-an, kì í ṣe èyí tó jọ ọ́. Tí ò bá sí níbẹ̀, sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ pé kó jẹ́ kó sinmi.

Tó bá wà níbẹ̀, mọ nǹkan mẹ́ta. Ṣíṣí ìdè fóònù náà máa nu gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀, kó àwòrán ẹ síbòmíì. Àwọn áàpù báǹkì kan ò ní gbà láti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ mọ́, wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ti tú fóònù náà. Èkẹta, tí wọn kì í sábà sọ fún èèyàn: LineageOS lè dí ihò tó wà nínú Android, kò lè dí èyí tó wà nínú sọ́ftíwià chip, àwọn tó ṣe chip nìkan ló ní in lọ́wọ́. Mo ti ṣe é fún fóònù tí mo fi ń gbọ́ rédíò, inú mi sì dùn sí i. Mi ò ṣe é fún èyí tówó mi wà lórí ẹ̀.

Ọmọ mi, Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ yín. iPhone 6 tí ọmọ mi obìnrin fún mi ni mò ń lò. WhatsApp kọ̀, ó ní kí n ṣe update, mo wá update mi ò rí. Ṣé fóònù mi ti bàjẹ́ ni? Àwòrán àwọn ọmọ-ọmọ mi wà níbẹ̀, mi ò fẹ́ kó sọnù.

Àmín mà, Màmá, ẹ ṣeun gan-an. Fóònù yín ò bàjẹ́, ẹ̀yin náà ò sì tẹ nǹkan kan sódì. Ọdún 2014 ni iPhone 6 jáde, iOS 12 ni wọ́n gbé e dé tí wọ́n fi dúró. WhatsApp wá ní láti 5 May 2025, iPhone tí ò bá ní iOS 15.1 ó kéré tán, àwọn ò bá a ṣe mọ́. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sáwọn Android tí ò tó Android 5 náà nìyẹn ní October 2023. Kò sí update tẹ́ẹ lè rí, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín pé òun máa bá yín wá a o, mà.

Àwòrán tó wà nínú Photos ò lọ síbì kankan, ẹ ṣì lè máa ṣí i wò. Èyí tó wà nínú WhatsApp nìkan, tí ò tíì bọ́ sínú Photos, ló gba ìṣọ́ra. Tọ́mọ yín bá fẹ́ ra òmíràn fún yín, ẹ ní kó jẹ́ iPhone, kó fi àkáǹtì Apple tẹ́ẹ ń lò sórí ẹ̀, kó sì fi nọ́ńbà yín kan náà ṣí WhatsApp, á béèrè bóyá kó dá ọ̀rọ̀ àtijọ́ padà láti iCloud, ìyẹn ibi tí Apple ń báni tọ́jú nǹkan sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tẹ́ẹ bá ti ń tọ́jú ẹ̀ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Títí wọ́n á fi ṣe ìyẹn tán tẹ́ẹ sì rí ojú àwọn ọmọ-ọmọ yín lórí tuntun, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni yọ WhatsApp kúrò lórí èyí tó wà lọ́wọ́ yín, mà.